Dígí Tó Ń Di Fèrèsé

Ìyá Dígí la máa ń pè é níbi iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ kì í ráyè wo ojú ara rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi oríṣi irin méjì tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ bo dígí, ọ̀kan lórí èkejì, nínú ẹ̀rọ tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí a bá tú gáàsì háídírójìn sí dígí náà, á mọ́ gaara bíi fèrèsé. Bí afẹ́fẹ́ bá tún kàn án, á padà di dígí tí èèyàn ń wojú nínú rẹ̀.

Àmọ́ dígí náà kì í pẹ́ tó fi ń kú. Irin maginísíọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Á máa yọ́ gòkè gba inú irin kejì tó bò ó, títí á fi kan afẹ́fẹ́, á sì dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Dígí fi ń tẹ́ irin mìíràn, títáníọ̀mù, díẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, kó dá ìsáǹsá yẹn dúró, kó sì jẹ́ kí gáàsì kọjá.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà ń bọ̀, gbogbo wa mọ̀ pé bí dígí náà bá tún kùnà, wọ́n máa ti yàrá wa pa. Ọkọ Ìyá Dígí wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Iṣẹ́ yìí nìkan ni gbogbo ilé gbójú lé. Ìyá Dígí wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń tẹ́ títáníọ̀mù lọ.

"Ìyá Dígí, ó ti tó, ẹ pa ẹ̀rọ náà," mo ní.

"Jẹ́ kó nípọn díẹ̀ sí i. Tó bá tún kú lójú wọn ńkọ́?"

"Gáàsì gbọ́dọ̀ ráyè kọjá o."

"Ìwọ kọ́ lo máa lọ sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ti bọ́."

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo fi í sílẹ̀ kó máa tẹ́ ẹ lọ, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá àgbà dé pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀. Mo tú gáàsì. Dígí ń dán. Mo tú u sí i, ó ṣì ń dán. Títáníọ̀mù náà ti nípọn débi pé gáàsì ò rọ́nà gbà. Ìyá Dígí ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Ṣí, jọ̀ọ́, ṣí," omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà sún mọ́ dígí náà, ó wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Dígí yìí dára, màmá," ló wí. "Àmọ́ èyí tó wà nílé mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó yíjú sí akọ̀wé, ó ní kó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ wa.