Ọ̀rọ̀ Kéékèèké Ẹnu Máníjà

Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsọlọ̀ nígbà tí obìnrin tó ń gbé yàrá tó kàn tiwa jáde wá, tó jókòó tì mí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa á. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ń di ara ògiri mú kiri lẹ́yìn wa.

"Àǹtí," ó ní, "kí ni wọ́n ń pè ní 'run'?"

Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n àǹtí ló ń pè mí nítorí pé mo parí ìwé mẹ́wàá, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ aṣọ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Èmi náà ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí ènìyàn sáré ni.

"Ìyẹn ni mo mọ̀. Lánàá, máníjà dúró ti ẹ̀rọ mi, ó ní 'run'. Mo bá ki eré mọ́lẹ̀. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí i pé gbogbo wọn ń wò mí. Àṣé ẹ̀rọ ló ní kí n tàn. Títí di àárọ̀ yìí, eléré ìje ni wọ́n ń pè mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rín.

Owó epo ti ń wọ ìlú nígbà náà. Iléeṣẹ́ wa kó ẹ̀rọ tuntun dé, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí láìnì nídìí wọn. Òyìnbó ni máníjà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yẹ àwọn tó bá fẹ́ ipò náà wò. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojúmọmọ nìkan ni olórí láìnì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí ni aládùúgbò mi ń wá. Ìyá onílé wa ló máa ń bá a tọ́jú ọmọ ní ọ̀sẹ̀ tí ṣíìfù alẹ́ bá kàn án, ìyá náà sì ti sọ pé òun yóò padà sí ìlú òun ní ìparí oṣù. Ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ lọ sí òkè Ọya, kì í sábà sí nílé. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni mò ń gbé, ìyàwó náà sì ti sọ pé yàrá wa kò gba ọmọ mìíràn.

"Tó bá sọ ọ̀rọ̀ gígùn," ó ní, "kì í dùn mí. Mo mọ̀ pé mi ò gbọ́. Èyí tó kéré yìí ló ń tàn mí jẹ."

Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè tí mo lò níléèwé jáde. Ọ̀rọ̀ gígùn tí ń fún wa ní làálàá níléèwé kì í gbà ju ìlà díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n "run" gba ojú ìwé kan tán, ó wọ èkejì. Mi ò kíyè sí i rí. Ó tẹ orí ba ìwé náà.

"Ṣé 'run' nìkan ni gbogbo èyí?"

"Òun nìkan ni."

"Ó mà bí o."

Ọ̀nà tó gbà kọ́ wọn kì í ṣe tèmi. Ní ìlú rẹ̀ lápá Ọ̀ṣun, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú wa, ìyàwó kì í pe àwọn àbúrò ọkọ ní orúkọ tí òbí sọ wọ́n. Ohun tó bá rí lára ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tó ṣe fún àwọn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. "Run" ti ẹsẹ̀ di Abẹsẹ̀-yá. Ti ẹ̀rọ di Má-dúró. Ti àwọ̀ tó ń ṣí lára aṣọ tí omi bá kàn án di Abaṣọjẹ́. "Off" tí a fi ń pa iná di Apaná. "Off" ti wàrà tó ti kan di Akanlẹ́nu, mo sì sọ fún un pé òyìnbó kò ní fi ìyẹn dán an wò ní iléeṣẹ́ aṣọ, ó ní kò burú, ọmọ ilé náà ni. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń sọ gbólóhùn kan, òun á sọ èyí tí mo ń pè nínú wọn.

Àwọn ará ilé ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá lọ pọnmi. "Ẹ̀yin ìyàwó òyìnbó, ẹ kú ìsọmọlórúkọ o!"

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni wọ́n ní kí n máa pe ènìyàn wọlé, méjì méjì. Ìyá àgbà kan tó ń di aṣọ ní ìsàlẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni wọ́n pè pọ̀ mọ́ aládùúgbò mi. Màmá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so òwú tó já nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Máníjà gbé aṣọ kan sókè, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣàn dé etí. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe tó bá "run" báyìí.

Mo rí i tí ètè aládùúgbò mi mì. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo Màmá. Màmá ń wo ilẹ̀. Máníjà béèrè òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó odi wá bá a. Mo ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olórí láìnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tó bi yín," mo ní nírọ̀lẹ́.

"Mo gbọ́. Abaṣọjẹ́ ni. Màá dá ẹ̀rọ dúró, màá wo omi aró."

"Kí ló wá dé?"

"Ṣé kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá ni?"

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, mo tọ máníjà lọ, mo ṣàlàyé fún un pé a kì í bi àgbà àti ọmọdé pọ̀ kí ọmọdé kọ́kọ́ fèsì. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, ìyá onílé ti di ẹrù sí ẹnu ọ̀nà. Aládùúgbò mi ń sùn, nítorí ó máa wọ ṣíìfù alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Màmá wọlé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára. Ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo bá máníjà sọ. Ó ní òun rò pé ìyá ọmọ náà kò gbọ́ òyìnbó ni, bíi tòun. Òun ò mọ̀ pé òun ni ìyá ọmọ ń dúró dè. Ó ní ṣíìfù òwúrọ̀ nìkan lòun ń ṣe, kò sì sí ọmọ kékeré nílé òun mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó fa ìró rẹ̀ le.

"Lọ jí ìyá ẹ̀," ó ní, "kó wá kó aṣọ ọmọ fún mi. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn délé ní Èjìgbò, ilẹ̀ sì ti ń ṣú."