Bí Ìyá Mi Ṣe Túmọ̀ Superstition

Tíṣà ni ìyá mi. Èdè Òyìnbó ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì tán, wọn ò mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó lásán. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sí ibi tí à ń gbé mọ́tò sí nílé wa ní Bódìjà, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Agbowó àti Òrógùn fún lẹ́sìnnì ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá mi kì í fi eré kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà ni superstition. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ọmọ kan á nawọ́, á ní, “Ìgbàgbọ́ asán ni, mà.” Ìyá mi á ní kó jókòó, òdo ló gbà. “Ìgbàgbọ́ ta ni? Ta ló sọ fún ẹ pé asán ni?” Wọ́n á wá ní kí kálukú fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn kan. Ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì á kọ ọ́ nípa ìyá bàbá rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀ lálẹ́. Ọmọ Mùsùlùmí á kọ ọ́ nípa aládùúgbò wọn tó ń wọ́n omi àdúrà sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ aládùúgbò ọ̀hún, tí bíbélì wà lábẹ́ ìrọ̀rí tirẹ̀, á kọ ọ́ nípa tírà tí wọ́n so mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ìyá mi á kó gbogbo ìwé wọn jọ, wọ́n á yọ ojú lókè gíláàsì. “Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó kọ nípa ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ti ẹlòmíràn la máa ń fi í pè.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan kan ò dáa láti ṣe, kí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣe é. Bó bá ti dáhùn, kí wọ́n tún bi í pé ẹni tí kò ṣe é ńkọ́. Ìyá mi ní ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé orí ìbéèrè kejì, wọ́n á ti ní ilé ń pe àwọn.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mo sì rò pé ó ti wọ̀ mí lára. Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. Ọmọbìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Dùgbẹ̀ tó yí pa dà sílé láàárọ̀ ọjọ́ kan nítorí pé ó fi ẹsẹ̀ òsì kọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bi í lójoojúmọ́ pé ẹsẹ̀ wo ló gbé e wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ́kọ, oyún sì bàjẹ́ lára mi, ó tún bàjẹ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin gbéra láti Àpáta wá sí ilé èmi àti ọkọ mi ní Challenge. Màmá Àpáta la máa ń pè wọ́n. Wọ́n mú pínnì jáde nínú báàgì, wọ́n fi kọ́ mi láṣọ níwájú ikùn, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Wọ́n ní kí n má rìn lójú oòrùn ọ̀sángangan. Èyí tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé kí n má ra ohunkóhun sílẹ̀ de ọmọ, kì báà ṣe ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ra aṣọ ọmọ tí kò tíì bí, ojú ayé ló ń pè sí i.

Èmi elẹ́nu mímú, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Mo kọ́ pínnì lọ síbi iṣẹ́, mo fi kóòtù bò ó kí ọmọbìnrin yẹn má baà rí i. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ ọmọ yẹn débi pé bí wọ́n bá ní kí n máa fi ẹ̀yìn rìn, mi ò ní bèèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá mi rí pínnì náà, wọ́n gbójú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikùn ti yọ dáadáa, wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n wọṣọ, à ń lọ Dùgbẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ra ìwé fún àwọn ọmọ lẹ́sìnnì wọn. Ṣọ́ọ̀bù nǹkan ọmọ ni wọ́n mú mi yà sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù, aṣọ kéékèèké tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó ń tà á rọra bèèrè pé, “Mà, ṣé ọmọ ti dé?”

Ìyá mi ní, “Ó ń bọ̀.”

Obìnrin náà wo ikùn mi, ó fa láílọ́ọ̀nù dúdú yọ. Ó ní àwọn aboyún tó ń wá rajà lọ́dọ̀ òun, dúdú ni gbogbo wọn ń gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ní kó dá a pa dà, kó fún àwọn ní èyí tó mọ́ gaara. Bí a ṣe rìn láàárín èrò Dùgbẹ̀ dé ibi tí mọ́tò wà nìyẹn, ìyá mi gbé aṣọ ọmọ dání fún gbogbo ayé wò, èmi ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n kó aṣọ náà lọ sí Bódìjà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì sá a sórí okùn níwájú ilé, nínú ilé tí kò sí ọmọ ọwọ́ kankan. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń wò. Nígbà tí mo gbọ́, mo pe ìyá mi lórí fóònù, inú ń bí mi. “Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Wọ́n ní rárá, pé kí n jẹun, kí n sinmi.

Oyún náà ti wọ oṣù keje nígbà tí mo jí láàárọ̀ tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Ọkọ mi fi mọ́tò sáré gbé mi lọ sí ọsibítù kan ní Ring Road. Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀, kí n má mira, pé àwọn á máa wò ó. Mo bi í bóyá ọmọ mi á yè, ó ní àwọn á sa ipá àwọn. Ìyá mi dé, kò sì pẹ́ tí Màmá Àpáta náà fi dé. Wọn ò tilẹ̀ tíì jókòó tí wọ́n ti kọjú sí ìyá mi.

“Ìyàwó, mo ti wí tẹ́lẹ̀. Lọ kó àwọn aṣọ yẹn jáde nílé.”

Èmi náà gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo ń sunkún, mo ní, “Mọ́mì, ẹ lọ kó wọn dànù. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n yọ gíláàsì wọn. “Kí n tó bí ẹ, mo bí ọkùnrin kan.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èmi ni wọ́n ń pè ní àkọ́bí. Mo wo Màmá Àpáta. Wọ́n ti tẹrí ba.

Ìyá mi ní, “Mi ò ra nǹkan kan sílẹ̀ dè é. Wọ́n ní kí n má rà, mi ò rà. Mo kọ́ pínnì. Mi ò rìn lọ́sàn-án gangan. Kò sóhun tí wọ́n ní kí n ṣe tí mi ò ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Nígbà tó dé, ìró mi ni wọ́n ya wé e. Nígbà tó ń lọ, òun náà ni wọ́n fi wé e lọ. Ọmọ yẹn ò wọ aṣọ tara rẹ̀ rí.”

Màmá Àpáta ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Wọ́n ní, “Èmi ni mo ya ìró yẹn.”

Ìyá mi di ọwọ́ wọn mú. “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Mi ò sọ pé aṣọ á dá ọmọ yìí sí. Aṣọ ò ní agbára kankan, ìbáà jẹ́ láti pa á tàbí láti gbà á là. Tó bá wá, á bá aṣọ nílẹ̀. Tó bá lọ, á mọ̀ pé a retí òun. Èmi ò tún ní fi ọmọ pa mọ́ bí ẹni jí i gbé.” Mo bi wọ́n bóyá kí n yọ pínnì. Wọ́n ní bó bá ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, kí n fi í sílẹ̀, àwọn ò bá pínnì jà.

Mo ti gbọ́ àlàyé ọ̀rọ̀ superstition yẹn lẹ́nu ìyá mi tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ná wọn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Mo rò pé inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mi ò tíì rí ẹni tó láyà tó obìnrin yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Ọmọ mi kò dúró dé ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ó kéré, ó sì ké tantan: ọkùnrin ni. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, bí àwọn èrò ṣe ń jókòó ní pálọ̀, ìyá mi wọlé wá bá mi ní yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní, “Orúkọ kan wà lọ́wọ́ mi. Mo ti mú un sílẹ̀ de ẹ̀gbọ́n rẹ tó lọ. Wọn kì í pe orúkọ ọmọ títí wọ́n á fi kó o jáde lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ náà ni mo ń dúró dè kó tó lọ. Mi ò pè é fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan bàbá rẹ. Bí o kò bá fẹ́, mi ò ní bínú.”

Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé yìí, títí kan pásítọ̀ tó jókòó sí pálọ̀, ló máa ní kí n má dán an wò, pé ta ló ń sọ ọmọ tó wà láàyè lórúkọ ọmọ tó ti kú. Mo wo ọmọ mi títí. Mo ní kí wọ́n lọ pe orúkọ náà.

Nígbà tó kan ìyá mi láti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n dìde. Wọ́n fi ohùn tíṣà tó máa ń dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pe orúkọ náà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, gbogbo ilé gbè é, wọ́n tún un pè, àgbà àti ọmọdé. Ìyá mi dúró síbẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́ bí ẹnu gbogbo èèyàn ṣe ń pe ọmọ wọn.