Náílọ̀n Ara Fáànù

Tí mo bá gbọ́ ìró náílọ̀n, mo máa ń rántí ẹ̀gbọ́n màmá mi tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní Agbowó. Wọn kì í bó o kúrò lára nǹkan tuntun. “Tá a bá fẹ́ dá a padà ńkọ́?”

Èmi tí mo gba F9 nínú fisíìsì ni mo bá wọn yan fáànù ní Dùgbẹ̀. Ọjọ́ kejì ló kú. A gbé e padà, tòun ti náílọ̀n.

Ọlọ́jà tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì: “Màmá, ẹ kà á. Ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á.”

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, a sì tún gbé fáànù náà. Nílé, wọ́n jókòó síwájú fáànù, wọ́n ń fi gèlè fẹ́ ara. Mo fẹ́ bó náílọ̀n rẹ̀, kí n ṣáà rí nǹkan kan ṣe.

“Fi sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Tí wọ́n bá yí òfin wọn padà ńkọ́?”