Aṣọ Ẹgbẹ́ Tí Kò Ṣeé Tà, Tí Kò Ṣeé Bò

Mo kìlọ̀ fún bàbá mi. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ mi ò sì le: bí gbogbo Kamẹrúùnù ṣe ń dìbò kọ́ ni agbègbè tiwa ṣe ń dìbò. Ẹgbẹ́ ìjọba lè wọlé, kí ó sì fìdí rẹmi ní Douala tiwa níbí.

"Wọ́n á ṣáà wọlé," ni bàbá mi wí. Ló bá kó aṣọ ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n tẹ ojú olórí orílẹ̀-èdè sí, kún ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Marché Congo.

Nígbà tí wọ́n dìbò tán, rédíò ka èsì ní agbègbè-agbègbè. Níbí, alátakò ló borí. Ní àpapọ̀, ẹgbẹ́ ìjọba ni. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. "Mo sọ àbí mi ò sọ?"

"Bàbá, àpapọ̀ ò ní wá ra aṣọ lọ́wọ́ yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, télọ̀ ọ̀kánkán wa pariwo: "Àlàájì, ta ló máa wọ ìyẹn níbí? Ẹ̀yin àlejò lẹ dìbò fún wọn!"

Irọ́ gbáà. Bàbá mi ò lẹ́tọ̀ọ́ ìbò. Carte de séjour ló ní, ìwé ìgbélùú lásán. Èmi tí wọ́n bí sí Bonabéri ni mo dìbò, alátakò ni mo sì dì í fún. Ta ló bi mí léèrè?

Nígbà tí àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, tí wọ́n ń pòṣé, bàbá mi fi léèsì bo aṣọ náà. Kò pẹ́ rárá, ọkùnrin méjì láti ẹgbẹ́ ìjọba dé. "Ẹ̀ ń fi olórí pamọ́? Carte de séjour dà?"

Ìwé yẹn ni ṣọ́ọ̀bù náà dúró lé. Bàbá mi yára ṣí aṣọ. Bí wọ́n ti lọ, télọ̀ tún figbe ta.

Mo ní kí a dojú aṣọ bolẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní àwòrán. Àwọn méjì náà padà kọjá. "Háà! Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i?"

Bàbá mi fa ilẹ̀kùn páànù wálẹ̀. Inú ooru yẹn la wà, orí aṣọ náà la sì jókòó sí, nítorí kò sí àyè mìíràn.

"Ìwọ tó kàwé," ó ní, "ọ̀nà wo ló kù?"

Ẹnìkan gbá páànù. A ò mọ̀ bóyá ìhà ìjọba ló ti wá tàbí ti alátakò. A ò ṣí i.