Ọdún tí Eṣú Jẹ Oko Wa, tí Àwa Náà Jẹ Eṣú

Yéwándé Àṣàkẹ́ Òkín, ọmọ Ògúnbíyìí a-kọbè-má-wẹ̀yìn, ọmọ Ọyáwálé a-ti-ilẹ̀kùn-má-ti-ìkòkò, òkín ilé wa, a-fi-ewé-oko-se-ọbẹ̀-kí-ọba-má-mọ̀, Àṣàkẹ́ tí í rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí, ẹ̀gbọ́n mi, sùn re. Ẹ̀yin ojúgbà wa tó kù láyé, ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tó ti dákẹ́, òórùn kan ni kò kúrò nímú mi: òórùn eṣú nínú òrí gbígbóná.

Èmi Àbẹ̀ní ni mo tẹ̀ lé e nínú ọmọ ìyá wa. Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ọkọ mi, tó kàwé díẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ló fi èédú kọ́ mi lára ògiri, nítorí náà ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ohun tí mo kọ ni kí ẹ wò.

Àwọn Faransé kò tí ì fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Bàbà ti ń pọ́n lóko nígbà tí eṣú dé. Wọ́n gba apá Bassila wá ní ìrọ̀lẹ́ kan bí èéfín, oòrùn sì pa rẹ́. Gbogbo Manigri, ìlú wa, jáde. Ẹni tó lu igbá lù ú, ẹni tó lu ọkọ́ lù ú, Bàbá wa Ògúnbíyìí ń sá kiri pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń bú wọn bí ẹni ń bú àna. Wọn kò gbọ́. Wọ́n bà, wọ́n jẹ, ilẹ̀ sì ṣú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tutù, ìrì wà lórí koríko. Yéwándé jí mi. Ó ní, “Àbẹ̀ní, dìde. Ẹran ti sùn sórí igi, ìyẹ́ rẹ̀ kò tí ì yá.” Mo jáde, mo rí àwọn igi òrí tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ewé kan ṣoṣo kò sí lórí wọn, síbẹ̀ ẹ̀ka wọn tẹ̀ wálẹ̀. Eṣú ló so síbẹ̀ bí èso. Òtútù ti mú wọn, wọn kò lè fò. Yéwándé ní kí n tẹ́ aṣọ, ó gun igi, ó mi ẹ̀ka, wọ́n sì ń já bọ́ pà-pà-pà bí òjò yìnyín. Wọ́n bọ́ sórí mi, wọ́n bọ́ sẹ́yìn ọrùn mi, wọ́n há sínú irun mi. Mo ń ké, mo ń jó, Yéwándé sì ń rẹ́rìn-ín lórí igi tó fi di pé òun náà fẹ́ẹ̀ já bọ́. A kó wọn kún agbọ̀n, a kó wọn kún ìkòkò omi, a kó wọn kún igbá. Nígbà tí kò sí ohun tó kù mọ́, ó yọ fìlà Bàbá lára igi, a kó wọn kún un, a sì fi aṣọ dì í lẹ́nu.

Bàbá ti oko dé. Pòròpórò bàbà nìkan ló bá níbẹ̀. Ó fẹ́ mú fìlà rẹ̀, fìlà náà sì ń rìn lọ nílẹ̀. Ó wò ó títí. Ó wò wá. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin náà wà lẹ́yìn wọn ni?” Yéwándé ní, “Rárá o, Bàbá. Àwọn tó jẹ oko wa ni. Àwa náà fẹ́ jẹ wọ́n.” Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Kò tí ì ṣe tán láti rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ rèé. Iṣu inú abà kò ju èèbù lọ, ìyẹn àwọn tí a fi pamọ́ fún gbígbìn. Bàbà ti lọ. Bí a kò bá kọ ebè tó pọ̀ kí ilẹ̀ tó le, ebi ọdún náà yóò bí ọmọ fún ọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ Bàbá nìkan kò lè kọ ọ́, ó ní láti bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀wẹ̀ ṣe rí ní Manigri: ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yó. Bí wọn kò bá yó, wọn kò ní jà, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn fi ebè àbọ̀ kan sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ lè rí i, wọ́n á sì kó ọkọ́ wọn lọ sílé. Ẹni tí wọ́n bá fi ebè àbọ̀ sílẹ̀ fún kì í tún rí ọ̀wẹ̀ bẹ̀ lọ́dún kejì.

Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Àjàyí, kò tí ì jáde nínú yàrá ìkókó. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ Yéwándé fi wà lórí ìdáná, ọmú rẹ̀ kò tí ì kún àyà.

Bàbá ní, “Èèbù la máa gún níyán fún wọn.”

Yéwándé ní, “Bàbá, tí a bá gún èèbù, kí la máa gbìn sínú ebè?”

“Tí n kò bá bọ́ wọn, ebè dà?”

Ìyá wa gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó ní, “Ẹni tó bá fọwọ́ kan èèbù yẹn, ó fọwọ́ kan èmi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà se eṣú rẹ̀. Ìkòkò kì í béèrè ibi tí a ti rí ẹran.”

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí kì í tán lẹ́nu Ìyá wa. Bó bá fi ewé oṣè gbígbẹ se ọbẹ̀, á sọ ọ́. Bó bá mú olú lórí òkìtì ọ̀gán, á sọ ọ́. Òun náà ló kọ́ wa pé èèpo iṣu kì í ṣe ti ewúrẹ́ nìkan. Láti ọdún tó ṣáájú ni Yéwándé ti ń sá èèpo sórí àpáta, àwọn ará ilé ń bi í pé ewúrẹ́ mélòó ló ń sìn. A gún èèpo náà, a kù ú, ìyẹ̀fun dúdú jáde, ó sì ń ta sánsán.

Ti eṣú ńkọ́? A fi omi eérú tí a sẹ́ bọ̀ wọ́n, nítorí iyọ̀ wọ́n bí ojú. A sá wọn, a já ìyẹ́ wọn, a já ẹsẹ̀ wọn. Àwọn adìẹ wa jẹ èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n sanra débi pé wọn kò lè sá fún ọmọdé mọ́. Gbogbo àdúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Sàbí, aládùúgbò wa, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Yéwándé, ṣé o ti rí ọkọ fún àwọn ìyàwó rẹ?” Yéwándé á ní, “Ikùn yín ni mò ń wá fún wọn, Ìyá Sàbí.” Ojú ń tì mí. Mo máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta.

Iyọ̀ gidi ló kù, nítorí Yéwándé ní a kò lè fi omi eérú nìkan gba àlejò. A ru agbọ̀n eṣú kan lọ sí ọjà Bassila. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ èdè Anii, àwa kò gbọ́ ọ. Yéwándé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fò láàárín ọjà bí eṣú, ó tẹ̀, ó na apá, ó fò, ó sì la ẹnu, ó fọwọ́ pa ikùn. Ọjà dúró. Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ísífù tọ́ eṣú náà wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ títí Yéwándé fi gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ísífù sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó mú òkúta iyọ̀ wá. Òun kan náà ni ẹ wá mọ̀ nígbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ọkọ Yéwándé. Títí ó fi darúgbó ló ń sọ pé òun kò tí ì tọ́ ọ wò dáadáa.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Àwọn ọkùnrin kó ọkọ́ wá, Wórú sì ni olórí wọn, ọkùnrin gíga tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọkọ́ rẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó gòkè ló ti ń kígbe sí Bàbá pé, “Ògúnbíyìí, n kò gbọ́ odó o. Ṣé ẹ ń gún iyán yín nínú àlá ni?” Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ebè lọ. Bàbá kò gbójú sókè.

A gbé oúnjẹ dé: ọkà èèpo, ọbẹ̀ ewé oṣè tó ní irú, eṣú tí a fi òrí àti ata dín sì wà lórí rẹ̀. Bí Wórú bá fọ ọwọ́, gbogbo wọn á jẹ. Bí kò bá fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Yéwándé kúnlẹ̀, ó gbé àwo àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn igi, mo ń yọjú wò wọ́n.

Wórú kò fọ ọwọ́. Ó mú ọ̀kan nínú eṣú náà, ó gbé e sókè, ó wò ó lójú.

Ó ní, “Mo mọ ojú eléyìí. A ti pàdé rí.”

Ẹnì kan ní, “Níbo?”

“Lóko mi.”

Bàbá tún gbé ọkọ́ rẹ̀. Yéwándé kò dìde. Ó ní, “Bàbá Wórú, òótọ́ ni. Ẹni tó jẹ oko gbogbo yín ni. Mo mú un wá síwájú yín, kí ẹ dá ẹjọ́ rẹ̀.”

Wórú wo ọmọ náà. Ó wo eṣú. Ó ní, “Ìwọ eṣú, ṣé o jẹ bàbà mi tàbí o kò jẹ ẹ́?” Ó fi í sétí bí ẹni ń gbọ́ èsì. “Ó ní òun jẹ ẹ́. Ó jẹ̀bi.” Ó jù ú sẹ́nu. Ó rún un. Lẹ́yìn náà ó ní, “Omi dà kí n fọ ọwọ́? Àwọn ẹlẹ́jọ́ pọ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Ẹni gbogbo ń mú ti rẹ̀, ó ń dá a lẹ́jọ́. “Eléyìí ló jẹ ewé iṣu mi.” “Eléyìí bà lórí ìyá mi láìkí i.” “Eléyìí kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn tó ṣe é.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi ń gba imú jáde. Bàbá wa fi ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó sí ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n lá àwo. Wọ́n padà sí ebè pẹ̀lú orin, Wórú fúnra rẹ̀ ló sì kọ èyí tó wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ga dé ìbàdí mi. A gbin èèbù wa sínú gbogbo rẹ̀. Ọdún kejì, iṣu kún abà.

Ìyá Sàbí wá ní ọjọ́ kẹta láti béèrè bí a ṣe ń se eṣú. Yéwándé sọ fún un. Yéwándé kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wórú ti lọ, Ìyá Sàbí ti lọ, Bàbá àti Ìyá, Ísífù, Àjàyí tí a bí lọ́dún náà, gbogbo wọn ti lọ. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń jẹ ẹja inú agolo báyìí, wọ́n sì ń bẹ̀rù kòkòrò. N kò bá wọn wí. Èmi náà sá sẹ́yìn igi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n gbé Yéwándé dé láti Bassila, àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ilẹ̀ fún un nínú àgbàlá Bàbá wa. Wọ́n bi mí pé ta ni yóò dáná fún wọn. Mo ní èmi ni. Mo ro ọkà èèpo, mo se ọbẹ̀ ewé oṣè. Eṣú kò sí, mo fi olú sí i. Mo gbé àwo àkọ́kọ́ síwájú ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, mo sì dúró níbẹ̀, n kò fara pamọ́. Ó fọ ọwọ́. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n sì kó erùpẹ̀ ibojì náà pé, kò ku àbọ̀.

Ọjọ́ ọjà Bassila ni a sin ín, kí oòrùn tó yí.