Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Tẹ̀lé Olóṣèlú

Ìdìbò kejì lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ti ń sún mọ́lé nígbà náà, gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní àdúgbò Bajulaiye l'Ékòó ló sì ń ké láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà láàárín wọn, yàrá kan ṣoṣo tó ń rùn fún yíǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, inú mi a kọ́kọ́ dùn kí n tó rántí pé bàbá mi ò sí mọ́. Àárín pósítà ni mo dàgbà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ di ńlá l'Ékòó ló ti rẹ́rìn-ín sí mi lórí tábìlì tí a ti ń gé bébà, kí aráàlú tó rí eyín wọn.

Èmi àti bàbá mi nìkan la jọ ń gbé. Màmá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti lọ ṣiṣẹ́ lókè ọya. Tí mo bá ti iléèwé dé, ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń lọ jókòó, tí a ó jọ máa to pósítà, tí a ó jọ máa fi ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì kẹta ni mo wà, ní iléèwé girama kan ní Bàrígà, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n pín wa: àwọn kan á lọ sí sáyẹ́ǹsì, àwọn kan á lọ sí kọmáṣà láti kọ́ nípa òwò. Sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́. Bàbá mi ní kọmáṣà ni, kí n lè máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù. Ìṣirò ò sì gbè mí rárá, odo tí mo máa ń gbà níbẹ̀ ti fẹ́ di orúkọ mi.

"Màá wá sí skúùlù yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe àwọn òbí," ni bàbá mi wí. "Ohun tí mo bá fojú ara mi rí níbẹ̀ la máa ṣe."

Ẹni tó kó mi yọ nínú odo ni àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ní Akoka. Àǹtí Kọ́pà là ń pè é. Lọ́jọ́ kan ló gbé páálí bisikíìtì wọlé, ó ní róbọ́ọ̀tì ló wà nínú rẹ̀, òun lòun fọwọ́ ara òun tò ó ní yunifásítì. Ká sọ tòótọ́, ó já wa kulẹ̀. Nǹkan tó lórí, tó lọ́wọ́, tó lè bá wa jà la ti ń retí. Ohun tó gbé jáde rí pẹlẹbẹ, ó ní táyà mẹ́ta, gbogbo wáyà rẹ̀ sì wà níta.

"Abẹ́ ni ojú ẹ̀ wà," Àǹtí Kọ́pà sọ. "Tẹ́ ẹ bá fa ìlà dúdú sórí bébà funfun, á máa tọ ìlà yẹn lọ."

Ó kọ́ wa pé dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, funfun a sì dá a padà. Skúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú róbọ́ọ̀tì náà. Òun la fi ń sọ fún un bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ dúdú tó kó tó gbà pé ìlà ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí a wọn ìlà, kí a fi aago ka àkókò tí róbọ́ọ̀tì fi rìn ín, kí a wá fi àkókò pín gígùn ìlà, ká lè mọ ìyára rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti kọ́ ìyára sórí bí ẹni kọ́ àdúrà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i tó ń rìn nílẹ̀ níwájú mi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Bébà tí a ń fa ìlà sí, èmi ni mo ń kó o wá: pósítà tó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì funfun.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, Àǹtí Kọ́pà ní èmi ni kí n darí róbọ́ọ̀tì. Mo tẹ́ pósítà tuntun sílẹ̀, mo dojú àwòrán dé ilẹ̀, mo fa ìlà gbọọrọ. Bàbá mi jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú bùbá àti ṣòkòtò tó lọ̀ fúnra rẹ̀. Róbọ́ọ̀tì gbéra dáadáa. Nígbà tó dé àárín, ó kúrò lórí ìlà, ó yà sí ibi tí kò sí nǹkan kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Mo gbé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibì kan náà ló tún ti yà.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ìyá kan wí, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá iléèwé wúkọ́. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Mo rí kọmáṣà tó ń bọ̀ wá bá mi.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé bébà náà sókè síwájú fèrèsé. Olóṣèlú ahun kan ló ni ín, bébà tó fẹ́lẹ́ jù ló ní kí wọ́n bá òun lò. Yíǹkì ti pọ̀ jù lójú fìlà dúdú tó dé, fìlà náà sì hàn dé ẹ̀yìn bébà. Etí rẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì wa ń yí po.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin òbí wa," mo ní. "Fìlà olóṣèlú ló ń tẹ̀lé."

Mo gba tọ́nafíìsì lọ́wọ́ Àǹtí Kọ́pà, mo yí skúrù náà. Mo yí i jù. Róbọ́ọ̀tì ò rí ìlà gan-an mọ́. Mo dá a padà díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjá lórí fìlà bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ó sì tọ ìlà dé òpin. Mo ṣírò ìyára rẹ̀ sójú pátákó, Àǹtí Kọ́pà sì fi ṣọ́ọ̀kì maàkì í.

Bàbá mi dìde. Ọ̀gá iléèwé ló lọ bá. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe sáyẹ́ǹsì."

Nígbà tí a ń rìn lọ sílé, ó gba báàgì mi gbé kọ́ èjìká ara rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

"Ta ló máa wá máa bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí?" ó bi mí.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ọ̀rọ̀ kọmáṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwò.

"Èmi náà ni, Dádì. Màá máa wá lójoojúmọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì máa gbé mi lọ jìnnà, pé kò ní ṣeé ṣe, ó kàn gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀.