Ẹ Má Fi Ọ̀wọ̀ Pa Wá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agboolé wa ní Ọ̀rányàn, ìyá arúgbó kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Àlùbọ́sà ló ń tà ní Ọjà'ba. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ lárààárọ̀, àwa ọmọdé kì í sì í lè bá a. Lọ́jọ́ kan, ó fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú. Ìgunpá rẹ̀ nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, kò gbọdọ̀ lọ síbì kankan mọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ. Ẹ ò rí bí inú mi ṣe ń dùn! Bó bá ti fẹ́ dìde, màá ti ké mọ́ ọn: "Ìyá, ẹ jókòó!" Èmi ni mò ń bu omi àlùwàlá fún un, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Gbogbo ilé ń yìn mí pé ọmọ dáadáa ni mí. Kí ọdún tó yípo, ẹsẹ̀ ìyá ti kú. Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ dá lọ sí ṣáláńgá ló tún ṣubú, kò sì dìde mọ́. Inú ń bí mi sí ara mi dòní.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ fetí sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ń yà fún ọlọ́kadà aláìnítìjú kan ní Bẹẹrẹ, mo fẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ́bàá gọ́tà, mo ṣubú. Kí ni àkọ́bí mi wí? "Màmá, ẹ jókòó sílé." Ẹ̀jẹ̀ mi ru sókè. Mo bú u dáadáa. Ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà bí wọn ó ṣe gbé ara wọn dúró bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á de bẹ́líìtì mọ́ mi nídìí, á dì í mú, á wá tì mí lójijì! Èpè ni mo kọ́kọ́ ṣẹ́ fún un. "Ṣé bí o ṣe ń ti ìyá rẹ nìyẹn?" Ó ní, "Ẹ máa bú mi, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ yára gbé ẹsẹ̀."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń yára gbé ẹsẹ̀. Ọjọ́ náà ni àkọ́bí mi já wọlé bá wa. "Ẹni tó bí mi lẹ ń tì kiri bí àpò gààrí!" Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní mi ò ní débẹ̀ mọ́. Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo ní bí kò bá fẹ́ kí ará ìta tì mí, kí òun fúnra rẹ̀ tì mí. Ó ní èèwọ̀, ọmọ kì í ti ìyá rẹ̀. Mo ní ó dáa, kó yáa lọ wá ẹni tí yóò máa gbé mi lọ gbọnsẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjókòó ń sin èèyàn lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ foríjì mí." Ó dìde, ó tì mí. Ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo sáré gbé èkejì síwájú, mo dúró digbí.

Ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ti àgbà? Ọ̀wọ̀ la fi ń so wọ́n mọ́ ẹní. Nísinsìnyí, lárààárọ̀, ọmọ mi á kí mi tán, á di bẹ́líìtì mi mú, á sì tì mí. Ọjọ́ tó bá rọra tì mí ni mo máa ń bú u.